Ìjíṣẹ́ Ìjọba Kò Gbọdọ̀ Tako Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ rántí ìlàrí. Òun ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ Aláàfin fún àwọn ìlú tí ń sin Ọ̀yọ́. A fá apá kan orí rẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè dá a mọ̀. Ohun tí ọba sọ láàfin náà ni ó sì ń sọ lẹ́yìn odi.

Ìjọba Nàìjíríà òde òní ńkọ́? Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ó dá iṣẹ́ Twitter dúró ní ilẹ̀ yìí. Orí Twitter kan náà ni iléeṣẹ́ ètò ìròyìn sì ti kéde rẹ̀! Oṣù méje kọjá kí wọ́n tó ṣí i. Ní 2022, Ilé-Ẹjọ́ ECOWAS sọ pé ìgbésẹ̀ náà kò bófin mu.

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Àwọn oníbàárà Íńdíà àti Vietnam ń ra kajú ilẹ̀ wa. Bí ọ̀rọ̀ ìjọba bá di yẹ̀yẹ́ lójú wọn, ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́?

Nítorí náà, kí mínísítà ètò ìròyìn, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè àti rédíò Voice of Nigeria fohùn ṣọ̀kan kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó lanu. Kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òtítọ́, kí àwa onílé sì gbọ́ ọ ṣáájú àlejò.