Ta Ni Yóò Ṣàánú Abiyamọ?

Yorùbá gbà pé wúrà iyebíye ni ìyá. Ní ọdún 1878, ayàwòrán ilẹ̀ Faransé kan, William-Adolphe Bouguereau, fi ọ̀dà sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ó ya obìnrin kan tí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ rọ̀ mọ́, tí ìkòkò owó sì dà nù sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ló gbá mọ́ra, kì í ṣe owó. Obìnrin náà kì í ṣe ìyá lágbájá. Àánú gan-an ni ayàwòrán náà sọ di ènìyàn.

Èkó náà ní tirẹ̀. Láàárín ọdún 1967 sí 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà, Bruce Onobrakpeya ya àwòrán mẹ́rìnlá Ọ̀nà Àgbélébùú fún ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Paul ní Èbúté-Mẹ́ta. Ìkẹrin nínú wọn ni ìpàdé Jésù àti ìyá rẹ̀. Ìyá kò lè gba igi náà lórí ọmọ, ṣùgbọ́n kò sá. Ọnà àdìrẹ wà lára aṣọ inú àwọn àwòrán náà, kí ẹni tó ń wò ó lè mọ̀ pé abiyamọ àdúgbò òun ni.

Irú àwòrán báyìí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Gbèsè ló ń rán ará ìlú létí. Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé nǹkan bí 75,000 obìnrin ni oyún àti ìbímọ ṣekú pa ní Nàìjíríà ní ọdún 2023. Èyí ju ìdá kan nínú mẹ́rin irú ikú bẹ́ẹ̀ lágbàáyé.

Òfin Ìlera ti ọdún 2014 kà á léèwọ̀ kí ilé ìwòsàn kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, aboyún tó ń rọbí, tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ san owó sílẹ̀, kì í ṣe ìtàn àjèjì ní Mùṣin tàbí Sùúrùlérè. Àwòrán Bouguereau ti dorí kodò nìyẹn: owó ni wọ́n gbá mọ́ra, ìyá ló wà nílẹ̀.

Òtítọ́ ni pé ilé ìwòsàn kò lè fi afẹ́fẹ́ ra oògùn. Nítorí náà, kí ìjọba máa san owó aláìní, kí ó sì fi agbẹ̀bí àti ẹ̀jẹ̀ sí ibi tí aboyún lè tètè dé lóru. Ẹni tó yin abiyamọ lára ògiri, tó wá fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, kò tíì mọ ohun tí ayàwòrán yà.