Ọjọ́ Tí A Wọ Igbó Omo

Àwọn kan nínú yín ti ń béèrè ohun tí ó mú wa bá àwọn ọ̀rẹ́ wa wa ọkọ̀ wọ igbó Omo, tí ilé kò fi rí wa títí di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ẹ jẹ́ kí a rò ó bí ó ti rí. A kò ní gbè sẹ́yìn ara wa.

Ẹni tí ó bá ń gbé Ajúwọ̀n kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún kọ́ ọ ní bí a ti ń wa ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀. Òjò kan ṣoṣo ti tó. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwa ọkùnrin mẹ́fà, pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́ta, fi rò pé a ti mọ̀ ọ́n tán nígbà tí a gbéra ní ìdájí ọjọ́ Sátidé. A gba Berger bọ́ sí òpópónà márosẹ̀, a kọjá Ìbàfò àti Mowe, a yà sí ọ̀nà Benin ní Ṣágámù, a kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, títí a fi dé J4.

Igbó Omo kì í ṣe igbó kékeré. Láti ọdún 1925 ni ìjọba ti pààlà sí i gẹ́gẹ́ bí igbó ọba, ó sì fẹ̀ tó 130,000 hẹ́kítà. Ní ọdún 1977, àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn igbó tí ó yẹ kí gbogbo ayé tọ́jú. Erin ṣì wà níbẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àwa náà kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. A kò rí erin kankan.

A ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣọ́ igbó náà. Ọ̀nà àwọn agégẹdú ni a gbà, láàárín igi Gmelina tí wọ́n gbìn nígbà kan rí nítorí ilé iṣẹ́ bébà Iwopin. Ọkọ̀ tí ń kó gẹdú ti gbẹ́ ilẹ̀ náà jinlẹ̀ lápá méjèèjì, ó fi òkìtì sílẹ̀ láàárín. Bí o bá ki táyà méjèèjì bọ inú ihò yẹn, ikùn ọkọ̀ rẹ ni yóò jókòó sórí òkìtì, táyà á máa yí lásán. Táyà kan lórí òkìtì, èkejì ní etí ọ̀nà, bí a ti ń gbà á nìyẹn. A sì ti tú afẹ́fẹ́ táyà kù láti 32 sí 18, kí ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ẹrẹ̀.

Nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán, a dé odò kan tí kò fẹ̀ ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ẹ̀gbọ́n wa kan, tí ó ti wa ọkọ̀ agbégẹdú nígbà èwe rẹ̀, bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò, ó sì fi ọ̀pá wọ inú omi. Omi tí o kò bá lè fi ẹsẹ̀ là, má fi ọkọ̀ là á: ohun tí ó ti ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn. Lápá ọ̀tún, omi kò dé orúnkún. Lápá òsì, ọ̀pá ń lọ ni, kò kan ilẹ̀. Ó ní kí a gba ọ̀tún, kí a rọra, kí ẹnikẹ́ni má sì yí jíà nínú omi.

Arákùnrin wa kan, tí ó ní jíìpù (owó àjẹṣẹ́kù ni ó fi rà á, kò sì tíì san án tán), ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọkọ̀ mi ga." Bèbè ọ̀tún ga lójú rẹ̀, ó sì gba òsì. Omi gun orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnnì kọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n pariwo pé kí ó má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́! Afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì ń fún pọ̀, omi kì í fún pọ̀. Bí ó bá ti wọ inú rẹ̀, tí a sì tún ṣíná, irin tí ó gbé písítìnì ró ni yóò wọ́.

A so okùn mọ́ irin abẹ́ ọkọ̀, kì í ṣe bọ́ńpà, gbogbo wa sì sá sẹ́yìn, nítorí okùn tí ó bá já lè pa ènìyàn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni jíìpù tó jáde. Ilẹ̀ ti ṣú. Àwọn àgbẹ̀ kòkó kan fún wa ní ẹ̀bà àti ẹní. Fóònù mẹ́fà, kò sí èyí tí ó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ibi tí ẹ̀bi wa wà gan-an nìyí. Gbogbo ohun tí a sọ fún àwọn ìyàwó wa ni pé, "À ń lọ sí apá Ìjẹ̀bú." Ẹ sì mọ ohun tí à ń gbọ́ nípa àwọn ajínigbé. Àwọn obìnrin náà kó ara wọn jọ sí ilé kan, wọn kò fojú kan oorun. Ọ̀kan fẹ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn ìyókù bi í pé kí ni yóò wí. Igbó wo? Ọ̀nà wo? Ní òwúrọ̀, àwọn ọmọdé tí ọ̀kan nínú wa ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi jókòó dè é títí, wọ́n tú ká.

Nígbà tí a dé, tí okùn ṣì ń fa jíìpù lẹ́yìn wa, ẹ̀gbọ́n kò sọ pé "ṣebí mo wí" rárá. Ìyàwó arákùnrin wa ni ó sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, a ò ní kẹ́ ẹ má lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ká wá yín lọ, ibo la fẹ́ kọrí sí?" Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn.

A tún lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. A lẹ ìwé kan mọ́ ara ilẹ̀kùn ilé ìdáná: orúkọ abúlé, ọ̀nà tí a óò gbà, nọ́ńbà ọ̀kan nínú àwọn aṣọ́gbó, àti agogo méje alẹ́, pé bí a kò bá tíì pè nígbà náà kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá wa. Arábìnrin náà ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó lọ mú bàtà rẹ̀ jáde, ó ní òun náà ń lọ. Ní etí odò, òun ni ó kọ́kọ́ wọ omi, ọ̀pá lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ ti pa ẹ́ńjìnnì, ó dúró ní bèbè, ó ń retí ohun tí yóò wí.