Ẹ Má Pààrọ̀ Oògùn Wárápá Lórí Káńtà Kẹ́míìsì

Ẹni tó ní wárápá wà nítòsí yín. Bóyá ọmọ yín ni. Bóyá ayálégbé tí ẹ jọ ń gbé ni, tàbí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yín, tàbí ẹni tí ẹ jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ni mo fẹ́ kí ẹ ràn lọ́wọ́ lónìí. Ẹ má sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: "Hóró mélòó ló kù nínú oògùn rẹ?" Bí èyí tó kù kò bá lè gbé e dé ọ̀sẹ̀ kan sí i, ọ̀rọ̀ ti di kánkán. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Oògùn tán lálẹ́ Sátidé. Ìyá ọmọ sáré lọ sí kẹ́míìsì ìkóríta, ó mú páálí òfìfo dání. Ọmọ tó ń tajà wo páálí, ó wojú ògiri, ó ní, "Màmá, eléyìí ò wọlé mọ́ o. Ó sì ti wọ́n gan-an. Ẹ mú eléyìí, wárápá náà ló wà fún." Màmá gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Owó rẹ̀ ò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Ó sanwó, ó lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pé tí wọ́n fi pààrọ̀ oògùn tí dókítà fi ọ̀pọ̀ oṣù wá ìwọ̀n rẹ̀.

Ẹ má bá ìyá yẹn jà. Ọjà ló le. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, oògùn tó ń tòkè òkun bọ̀ ti gbówó lórí kọjá agbára ọ̀pọ̀ ilé. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni ilé iṣẹ́ GSK, àwọn tó ni oògùn wárápá tó ń jẹ́ Lamictal, kéde pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Kí ọdún náà tó parí, ilé iṣẹ́ Sanofi tó ni Epilim, oògùn wárápá mìíràn, ní òun ò ní ta oògùn òun fúnra òun níbí mọ́, alágbàtà ni yóò máa bá òun tà á. Ẹni tó ń lo àwọn oògùn yìí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó kàn dé ibi tó ti ń rà á lọ́jọ́ kan ni, wọ́n ní kò sí.

Nítorí náà, n kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má pààrọ̀ oògùn o. Àwọn dókítà fúnra wọn máa ń pààrọ̀ ẹ̀. Bí oògùn kò bá dá wárápá dúró, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀. Bó bá ń yọ aláìsàn lẹ́nu, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀. Bí obìnrin bá fẹ́ lóyún, tàbí tí owó ò bá ká a mọ́, wọ́n á wá òmíràn. Ohun tí mò ń sọ ni pé orí káńtà kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ṣé ẹ mọ bí a ṣe ń pààrọ̀ ọdẹ àdúgbò? A kì í lé ti àtijọ́ lọ nírọ̀lẹ́ kí tuntun tó mọ ẹnu géètì. Àwọn méjèèjì á jọ ṣọ́ ilé fún ìgbà díẹ̀. Oògùn wárápá náà nìyẹn. Tuntun á máa wọlé díẹ̀díẹ̀, àtijọ́ á máa jáde díẹ̀díẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó sì lè gba oṣù.

Ẹ gbọ́ ọ̀kan. Àgbàlagbà kan ti ń lo sodium valproate, dókítà wá fẹ́ fún un ní lamotrigine. Mílígíráàmù 25 ni wọ́n sábà máa fi bẹ̀rẹ̀: lónìí ó lò ó, lọ́la ó fò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò di ojoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, kí wọ́n tó máa fi kún un. Kí ló dé tí wọ́n fi ń fa ẹsẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Valproate kì í jẹ́ kí lamotrigine tètè jáde lára, ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lè di ìlọ́po méjì. Bí wọ́n bá kù gìrì gbé e, ara lè sú, kí awọ máa bó, kí ẹnu àti ojú dégbò. Irú èyí ti pààyàn rí.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ carbamazepine ni ẹni náà ń lò tẹ́lẹ̀, òdìkejì ni. Carbamazepine ń lé lamotrigine jáde kíákíá, ìwọ̀n á sì ní láti yàtọ̀. Oògùn kan náà rèé o, ìṣirò méjì. Ta ló fẹ́ mọ gbogbo ìyẹn láti ara páálí òfìfo lálẹ́ Sátidé?

Phenobarbital ni kí ẹ tiẹ̀ ṣọ́ra fún jù. Ó ti pẹ́ láyé, ọdún 1912 ni wọ́n ti ń fi tọ́jú wárápá. Kò wọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dédé jáwọ́ nínú rẹ̀, wárápá lè máa gbé e léraléra láìjẹ́ kí ojú rẹ̀ là. Ọ̀rọ̀ ọsibítù lójú ẹsẹ̀ nìyẹn, ẹ̀mí sì lè bá a lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ni kẹ́míìsì, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ ran èèyàn lọ́wọ́ ni. Ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́ báyìí: bí ẹ kò bá ní in, ẹ sọ pé ẹ kò ní in. Ẹ gbé fóònù, ẹ bi kẹ́míìsì tó wà níwájú. Ẹ má fi òmíràn dí i. Bó bá sì jẹ́ oògùn kan náà ni, àmọ́ tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ mìíràn, ẹ sọ fún oníbàárà kó tó sanwó. Ẹ sọ èyí fún ọmọ tó ń bá yín tajà náà. Òun ló máa ń wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá jáde.

Ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ yẹn kì í ṣe àwáwí. Ẹ wo phenytoin. Àyè tó wà láàárín ìwọ̀n tó ń wo èèyàn àti ìwọ̀n tó ń ṣe èèyàn léṣe kéré gan-an. Bó bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, ẹni náà á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ọ̀rọ̀ á máa wúwo lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ á máa gbọ̀n. Bó bá fi díẹ̀ dín, wárápá lè padà. Láti ọdún 2013 ni àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Ìlú Ọba ti gba àwọn dókítà níyànjú pé kí ẹni tó ń lo phenytoin, carbamazepine tàbí phenobarbital dúró ti oògùn ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin ẹbí wa tó wà lọ́hùn-ún, tí ẹ máa ń fi oògùn ránṣẹ́ sílé, ẹ kú ìnáwó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó rà á, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò páálí tó wà nílé fún yín, iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ wo orúkọ, ẹ wo mílígíráàmù. Ẹ wò ó bóyá irú èyí tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara ni. Ìyẹn kò ṣeé lọ̀, kò sì ṣeé rún lẹ́nu. Bí ẹ kò bá ní lè máa fi ránṣẹ́ déédéé, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Owó tí ẹ fẹ́ fi rà á, ẹ fi ránṣẹ́, kí wọ́n fi ra èyí tó wà nílé.

Ẹ̀yin ọkọ, èyí kàn yín. Bí ìyàwó yín bá ń lo valproate, tí ẹ sì ń retí ọmọ, ẹ jọ lọ rí dókítà kí oyún tó dé. Nínú ọmọ mẹ́wàá tí ìyá wọn lo oògùn yìí nínú oyún, bí ọ̀kan ló máa ń ní àbùkù ara látìgbà ìbí, mẹ́ta sí mẹ́rin sì lè ní ìṣòro nínú ọ̀rọ̀ sísọ, rírìn tàbí ẹ̀kọ́. Oògùn mìíràn wà tí dókítà lè gbé e lọ sí. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ da hóró yẹn nù lálẹ́ òní nítorí ohun tí mo kọ yìí, bó tiẹ̀ ti lóyún. Wárápá tó gbé aboyún ṣánlẹ̀ lè pa ìyá pa ọmọ. Ẹ lọ sí ọsibítù lọ́la.

Obìnrin tó ń ṣe ìfètò-sọ́mọ-bíbí náà, kó sọ orúkọ oògùn wárápá rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì. Carbamazepine, phenytoin àti phenobarbital máa ń dín agbára oníhóró àti èyí tí wọ́n ń fi sínú apá kù. Ọ̀pọ̀ oyún àìròtẹ́lẹ̀ ló gba ibẹ̀ wọlé, tí wọ́n wá ń bú nọ́ọ̀sì.

Ó yá, dókítà ti pààrọ̀ oògùn. Iṣẹ́ wá kù sọ́wọ́ àwa tó yí i ká, torí ẹni tí wárápá gbé kì í mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ojú yín ni dókítà máa lò.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ kọ àkókò, ẹ kọ bó ṣe pẹ́ tó. Ǹjẹ́ ó fo oògùn lọ́jọ́ náà? Ṣé kò sùn dáadáa ni? Bí ẹ bá lè fi fóònù ya á, ẹ ya á, ó máa ń ran dókítà lọ́wọ́ gan-an. Dókítà nìkan ni kí ẹ fi hàn. Ẹni tó bá gbé e sórí status, ìkà ló ṣe.

Ẹ tún ṣọ́ ìwà rẹ̀. Levetiracetam lè mú kí ẹni tó tutù di oníbìínú, ó sì lè mú kí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ má na ọmọ nítorí rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ pe dókítà. Bó bá sọ̀rọ̀ pé ayé sú òun, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí ẹ tó pè é. Tíṣà, bí ọmọ bá ń tòògbé ní kíláàsì lẹ́yìn tí oògùn rẹ̀ yí, ẹ fi àtòrì sílẹ̀, ẹ ránṣẹ́ pe òbí rẹ̀. Ọ̀gá ibi iṣẹ́, ẹ fún un láàyè kó lọ sí ọsibítù láìyọ owó rẹ̀.

Ní àsìkò yìí, kó má gun ọ̀kadà, kó má wakọ̀, kó má gun àkàbà. Kó má dá nìkan wẹ̀ lódò. Omi kànga àti àkàrà díndín, ẹ bá a ṣe é. Oṣù díẹ̀ ni.

Bí wárápá bá gbé e lójú yín, ẹ wo aago. Ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, ẹ fi aṣọ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ tú ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Bí gbígbọ̀n náà bá ti rọlẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè jáde. Ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu. Ẹ má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọná. Ẹ má fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù. Májèlé ni, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ nílẹ̀ yìí. Itọ́ rẹ̀ kì í ranni, ẹ sún mọ́ ọn. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tí òmíràn bá dé kí ojú rẹ̀ tó là, ọsibítù yá.

Owó ńkọ́? Ẹ sọ ọ́ síta kó tó tán. Ẹ sọ fún dókítà pé agbára yín kò ká oògùn yìí mọ́. Kì í ṣe ìtìjú. Wọ́n ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ ní UCH Ìbàdàn, ní LUTH, ní Aro Abẹ́òkúta àti ní Yaba, wọ́n sì mọ oògùn tí kò wọ́n tí wọ́n lè fi ètò gbé aláìsàn lọ sí. Bí ibẹ̀ bá jìnnà, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà tó wà nítòsí. Ẹgbẹ́ alájọ, ẹgbẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin náà ẹ dìde: oògùn oṣù kan fún ẹnì kan lè má tó owó aṣọ ẹbí kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé tó méje nínú mẹ́wàá àwọn tó ní wárápá ni kò ní ṣubú mọ́ bí wọ́n bá rí ìtọ́jú tó yẹ gbà.

Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin alfa, ẹ gbàdúrà fún un. Àmín ni tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ má gba hóró lọ́wọ́ rẹ̀ pé ìwòsàn ti dé. Bó bá fẹ́ gbààwẹ̀, ẹ ní kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ bí yóò ṣe máa lo oògùn. Ọ̀rọ̀ yín wúwo létí rẹ̀ ju tiwa lọ, ẹ bá wa lò ó.

Kí ẹ tó sùn lálẹ́ yìí, ẹ gba nọ́ńbà ìyá rẹ̀ tàbí ti ìyàwó rẹ̀ sórí fóònù yín, kí ẹ sì kọ orúkọ oògùn rẹ̀ àti mílígíráàmù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà. Bó bá ṣubú lójú títì lọ́la, ohun àkọ́kọ́ tí nọ́ọ̀sì máa bi yín nìyẹn.