Bí Ògiri Ò Bá Lanu

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ta ni kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn? Ará ilé ní í ṣílẹ̀kùn fún ará ìta, ó parí. Ohun tó gbé òwe yìí sí mi lẹ́nu ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan tó ń fi ayọ̀ kéde lórí rédíò láìpẹ́ yìí pé wọ́n ti rí ìwòsàn àtọ̀gbẹ. Ó ní wọ́n ti fi jẹ́ẹ̀lì bo sẹ́ẹ̀lì, àwọn sójà ara kò sì lè wọlé tọ̀ ọ́ mọ́ láéláé. Ìyá kan pè wọlé. Ojoojúmọ́ ni ọmọ rẹ̀ ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì. Ó béèrè pé níbo ni kóun gbé e lọ. Ọ̀gbẹ́ni dá a lóhùn pé kó ti máa tu owó Amẹ́ríkà jọ. Irọ́ funfun báláú! Kò tíì sí ọsibítù tí ìyá yẹn lè gbé ọmọ lọ, kí wọ́n fi jẹ́ẹ̀lì wò ó sàn.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe irọ́ o. Nínú àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, àwọn sójà tó yẹ kó máa ṣọ́ ara ló dojú ìjà kọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì, tí wọ́n sì pa wọ́n run. Bí dókítà bá fi ti ẹlòmíràn rọ́pò, wọ́n á pa ìyẹn náà, àfi kí aláìsàn máa lo oògùn tó ń dẹ ọwọ́ sójà ara títí, oògùn tó sì ń fàyè gba àrùn mìíràn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ronú kan ògiri. Alginate ni wọ́n sábà ń lò, ohun tí wọ́n ń fà yọ lára koríko inú òkun. Wọ́n á po sẹ́ẹ̀lì mọ́ omi rẹ̀, wọ́n á máa kán an sínú omi tó ní kálísíọ́mù, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan á sì máa gan bí àkàrà tó bọ́ sínú epo gbígbóná: ara ìta ló kọ́kọ́ ń dì kó tó kan inú. Ihò ara rẹ̀ kéré gan-an. Ṣúgà àti afẹ́fẹ́ ń wọlé, ínsúlínì ń jáde, sójà kò ráyè kọjá.

Ní 1980, Franklin Lim àti Anthony Sun gbé irú rẹ̀ sínú àwọn eku tó ní àtọ̀gbẹ, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn sì wálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Láti ìgbà náà wá, ó ti lé ní ogójì ọdún. Ṣé ẹ rò pé ogójì ọdún ni wọ́n fi ń wá ògiri tí kò lanu?

Aláǹgbá kò tiẹ̀ nílò àtiwọlé. Nígbà tí ara bá rí i pé òun kò lè fọ́ àlejò yìí, ńṣe ló máa ń mọ àpá yí i ká títí tí ohunkóhun kò fi ní lè wọlé mọ́, oúnjẹ tàbí afẹ́fẹ́. Ikọ̀ Robert Langer àti Daniel Anderson ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà yí alginate padà, wọ́n sì rí i pé èyí tó fẹ̀ tó mìlímítà kan àbọ̀ ni ara kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ àpá bò. Ní 2016, wọ́n ròyìn eku tó fi 174 ọjọ́ gbádùn ìtọ́jú náà. Inú iṣẹ́ wọn ni ilé-iṣẹ́ Sigilon Therapeutics ti jáde, tó gbé jẹ́ẹ̀lì náà dé ara ènìyàn, kì í ṣe fún alátọ̀gbẹ, bí kò ṣe fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dì. Ní 2021, ìdánwò náà dúró. Nígbà tí wọ́n yọ àwọn hóró jẹ́ẹ̀lì náà lára aláìsàn kan, àpá ti bò wọ́n, sẹ́ẹ̀lì inú wọn sì ti kú. Eku lọ̀tọ̀, ọmọ ènìyàn lọ̀tọ̀.

Ẹnì kan á ní ṣé ká má fún aláìsàn nírètí ni? N kò ráyè ìyẹn. Ìyá tó ń ṣa owó ínsúlínì oṣù yìí jọ kò nílò ìrètí tí yóò mú kó ya lára owó náà sọ́tọ̀ fún tíkẹ́ẹ̀tì bàálù.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru ará ìta. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì yìí, ọ̀yánnú ni wọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Nínú páńkíríà, ẹ̀yà ara tó jẹ́ ilé wọn, erékùṣù kéékèèké tí wọ́n ń gbé kò ju ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sọ́dọ̀ wọn tó ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wá fi wọ́n sínú jẹ́ẹ̀lì tí kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan. Sẹ́ẹ̀lì tó bá fi bí ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà jìnnà sí iṣan ti ń wá afẹ́fẹ́ tì nìyẹn. Hóró tí ara sì fàyè gbà ni ti mìlímítà kan àbọ̀! Èyí tó bá kú sínú, ìdọ̀tí rẹ̀ á gba ihò kéékèèké wọ̀nyẹn jáde, á sì lọ ké sí sójà. Ará ilé náà ló ṣílẹ̀kùn.

Ní Uppsala ní orílẹ̀-èdè Sweden, àwọn dókítà gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fi ẹ̀rọ kan tó ní sẹ́ẹ̀lì nínú sábẹ́ awọ àwọn aláìsàn mẹ́rin, wọ́n sì ń rọ ọ́síjìn sínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, sẹ́ẹ̀lì ṣì wà láàyè nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ínsúlínì tí wọ́n ń ṣe kò tó nǹkan. Abẹ́rẹ́ ni àwọn aláìsàn náà ṣì ń gún.