Òkété Tó Dàgbà ní Ballycoolin

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ta ni kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn? Ẹ jẹ́ kí á fò ó kọjá, nítorí ohun tó ń bí mi nínú ń bẹ níwájú. Ní apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ní Dublin, láti Ballycoolin dé Tyrrelstown dé Blanchardstown, a ti dojú òwe yìí dé. Òkété ti dàgbà, irun orí rẹ̀ ti funfun, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, síbẹ̀ ọmọ tó ti lé ní ogójì ọdún tún ránṣẹ́ pè é láti òkè òkun pé kó wá fún òun lọ́mú.

Mo pàdé tọkọtaya kan níbi ìkómọjáde láìpẹ́ yìí. Olùkọ́ ni àwọn méjèèjì. Bàbá kọ́ ọmọ ní ìtàn nílé ẹ̀kọ́ girama, màmá kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Wọn ò ní pẹ́ padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, torí físà àbẹ̀wò Ireland kì í kọjá 90 ọjọ́. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n gbádùn Dublin. Màmá rẹ́rìn-ín: "A gbádùn rẹ̀, ọmọ mi. A dé Lidl, a dé ṣọ́ọ̀ṣì." Bàbá ní òun tún dé ẹnu ọ̀nà iléèwé ọmọ, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, lójoojúmọ́ ayé.

Ọmọ wọn ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí, nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀, ọmọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ inú físà ló bá pámpásì àti fídà lọ. Bàbá a máa ti kẹ̀kẹ́ ọmọ nínú òjò winniwinni láàárín àwọn ilé iṣẹ́ Ballycoolin, níbi tó jẹ́ pé tírélà ló ń kí ènìyàn káàárọ̀. Ọ̀rẹ́ wọn kan wà ní Drogheda, ìlú tí kò jìnnà sí Dublin, ẹni tí wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nígbà èwe. Orí fóònù ni wọ́n ti kí ara wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn láti Nàìjíríà.

Èyí kò dára. Mo ti dá ẹjọ́ náà ná. Ọmọ ní tirẹ̀ sọ fún mi níbi ìkómọ yẹn, pẹ̀lú ẹran lẹ́nu, pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo gbà pé owó crèche, ilé ìtọ́jú ọmọ, ní Dublin ń dá òbí lóró. Ṣùgbọ́n ẹ wo òwe náà dáadáa. Àgbà ọjà rí orí ọmọ tó wọ́, ó bá wọn tún un ṣe, ó sì bá ọjà tó wá ná lọ. Kò sí ẹni tó ní kó gbé ọmọ náà pọ̀n dalẹ́, kó gbàgbé ohun tó mú òun alára jáde nílé.

Ẹ wo àwọn àgbà onílẹ̀ ibí. Láti 1967 ni ìjọba Ireland ti ń jẹ́ kí àwọn àgbà wọn wọ ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lónìí, ẹni tó bá ti pé ọdún 66, tó sì ń gbé ní Ireland, lè fi bọ́ọ̀sì àti rélùwéè rìn yíká orílẹ̀-èdè náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán, ẹ máa rí bàbá àti ìyá olórí funfun, wọ́n rọ tíì sínú fúláàsì, wọ́n ń lọ wo àbúrò wọn ní Cork, wọ́n á sì tún yà wo ọgbà òdòdó kan lójú ọ̀nà. Òbí tiwa kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n yúrò 2 lórí káàdì Leap tó láti fi wọ ọkọ̀ láàárín Dublin fún 90 ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá sì tún fẹ́ fi owó ṣe àwáwí, kó lọ béèrè lẹ́nu ọ̀nà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Kildare Street bóyá wọ́n ń gba kọ́bọ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ ni Chester Beatty náà, nínú ọgbà Dublin Castle, níbi tí Kùránì àfọwọ́kọ àtijọ́ àti ojú ewé Bíbélì orí pápírọ́ọ̀sì ti wà lábẹ́ òrùlé kan náà.

Ti Kildare Street yìí ló dùn mí jù. Tíṣà ìtàn! Ní 2003, àwọn tó ń gbẹ́ kòtò nínú ilẹ̀ àbàtà ní Offaly kan òkú ọkùnrin kan tó ti wà níbẹ̀ láti ohun tó lé ní 2,000 ọdún. Old Croghan Man ni wọ́n ń pè é, inú gíláàsì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Kildare Street ló wà báyìí. Kò ní orí mọ́, ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ kò sí, ṣùgbọ́n àbàtà kò jẹ́ kí ìyókù jẹrà: èékánná rẹ̀ ṣì mọ́ lọ́wọ́ bíi pé àná ló gé e. Wọ́n lu ihò sí i lápá, wọ́n ki ẹ̀ka igi lílọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n sì ya orí ọmú rẹ̀. Àlàyé àwọn onímọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ni pé ó jọ ọba, tàbí ẹni tó du oyè. Láyé àtijọ́ ní Ireland, ẹni tó bá fẹ́ fi hàn pé òun tẹrí ba fún ọba, ọmú ọba náà ni yóò mu. Ẹni tí wọ́n bá gé lórí ọmú, oyè ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní bí irè oko kò bá ṣe dáadáa, ọrùn ọba ni ẹ̀bi ń wà, wọ́n á sì fi í rúbọ ní ààlà ilẹ̀.

Ẹ wá fojú inú wo bàbá wa níwájú gíláàsì yẹn. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ọmọ nípa Ọ̀yọ́ Mèsì, nípa igbá òfìfo tí Baṣọ̀run ń gbé fún Aláàfin tí ìlú kò fẹ́ mọ́, tí Kábíyèsí á sì mọ̀ pé ikú yá. Orí ìdúró ni ì bá ti fi ọba Ọ̀yọ́ wé ọba Offaly. Ènìyàn ì bá san owó kó lè gbọ́ irú àlàyé bẹ́ẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ì bá gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Pámpásì ni wọ́n ní kó máa pààrọ̀.

Ọgbà ewéko Glasnevin náà ńkọ́, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1795? Láti Ballycoolin, kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú ọkọ̀ bí kò bá sí sún kẹrẹ fà kẹrẹ. Ọ̀pẹ wà nínú ilé gíláàsì gíga níbẹ̀, ẹni tí òtútù ń hàn léèmọ̀ lè yà síbẹ̀ kí ara rẹ̀ móoru. Ibẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn ọ̀dùnkún ní Ireland, lóṣù Kẹjọ 1845, àrùn tó bí ìyàn tó pa nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn, tó sì lé mílíọ̀nù mìíràn sórí omi. (Àwọn tó ń wò wá pé a japa wá bá wọn, àwọn náà ti japa rí.)

Ẹnì kan ní àwọn àgbà wa kò bìkítà fún òkú àti òdòdó. Irọ́ ni. Ta ló ń kó ọmọ iléèwé lọ sí Olúmọ, lọ sí igbó Ọ̀ṣun, lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀, bí kì í bá ṣe irú àwọn olùkọ́ wọ̀nyí?

Ṣùgbọ́n ọmọ nìkan ni mo ti ń nà bọ̀, òwe mìíràn sì ń fà mí láṣọ: ẹnu ẹni la fi ń kọ "n ò jẹ". Màmá ń rẹ́rìn-ín, bàbá ń mi orí, kò sí èyí tó sọ fún ọmọ pé ó sú àwọn. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ìyàwó ọmọ á ní àwọn kò fẹ́ràn ọmọ-ọmọ, tàbí pé owó tó ń wá lóṣooṣù yóò já. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó gba tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti sọ ọ́: a ó tọ́jú ọmọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ jẹ́ tiwa. Ẹ gba káàdì Leap lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ tí ẹ bá dé. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ mólúè láti Ọ̀ṣódì dé Ọbáléndé, bọ́ọ̀sì tó ń fi ohùn tútù pe orúkọ ibùdókọ̀ ni ẹ wá ń bẹ̀rù?

Ìyẹn kò ní kí ẹjọ́ ọmọ fúyẹ́. Ẹni tó mọ ọ̀nà ló yẹ kó mú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lọ. Bí òbí yín bá wà lọ́dọ̀ yín lọ́wọ́lọ́wọ́, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Kildare Street máa ń ṣí láti aago kan sí márùn-ún lọ́jọ́ Àìkú. Ìsìn á ti parí nígbà náà. Ẹ gbé ọmọ sínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín sì máa tì í.