Ilé Àdùnní kì í ṣe ilé òyìnbó lásán



Mo ní ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ilé Àdùnní Olórìṣà ní Òṣogbo dùn wá. Ẹnì kan bi mí pé: "Tísà, kí ló kàn wá nínú ilé òyìnbó?" Èsì mi rèé.

Susanne Wenger, ayàwòrán ará Austria, dé Nàìjíríà lọ́dún 1950. Nígbà tó kú lóṣù kìn-ín-ní 2009, lẹ́ni ọdún 93, ọmọ Òṣogbo ni wọ́n kà á sí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó gbé lọ́nà Ìbòkun, ilé Àgùdà ni, ẹ̀yà èyí tí àwọn tó ti Brazil bọ̀ kọ́ sí Àjàṣẹ́ níbí. Ẹ ò rí i pé ó kàn wá?

Àwọn kan ní UNESCO ti gba igbó Ọ̀ṣun wọlé ní 2005, ó ti tó. Kò tó! Igbó ni wọ́n kọ sílẹ̀, ìgboro ni ilé náà wà. Wọ́n tún ní kí wọ́n kó àwòrán lọ sí mùsíọ́ọ̀mù. Àwòrán ṣeé kó, ilé tí iṣẹ́ náà ti jáde kò ṣeé dì sínú àpótí.

Òfin nìkan kò sì tó. Ìjọba ti kéde ilé Ìlọ́jọ́ tí ẹbí Fernandez kọ́ sí Èkó ní ohun ìrántí láti 1956. Lóṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ìwé ìjọba kì í di ògiri mú.

Ta ló ń wó tiwa? Òjò àti ogún ni. Ọmọ mẹ́wàá jogún ilé kan, kò sẹ́ni tó fẹ́ pààrọ̀ páànù. Wọ́n ń retí kó wó, kí wọ́n lè pín ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ École du Patrimoine Africain, tó ń kọ́ àwọn ará Áfíríkà nípa ìtọ́jú ohun àtijọ́, ìlú wa ló fi ṣe ibùjókòó láti 1998. Ìtìjú kọ́ nìyẹn?

Ẹ̀yin olórí ẹbí, ẹ pe ìpàdé kí òjò tó dé. Ẹ dí ibi tó ń jò. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà sọ ìtàn ilé, kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn, èmi á kó àwọn ọmọ kíláàsì mi wá, tàwọn ti ìwé àti bíírò.

Àlejò fi ohun tó lé ní ogójì ọdún tọ́jú igbó Ọ̀ṣun. Àwa ọmọ onílé ńkọ́?