Ẹni Tí Ó Bá Béèrè Ọ̀nà Kì í Ṣìnà

Láìpẹ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà gbé iṣẹ́ rẹ̀ tọ̀ mí wá. Wọ́n ní kí ó kó máàkì ènìyàn márùn-ún sínú array ní èdè C, kí ó sì tẹ̀ wọ́n jáde.

Array kò ju àpótí tí a tò tẹ̀ léra lọ: orúkọ kan ni gbogbo wọn ń jẹ́, nọ́ńbà ni a fi ń dá wọn mọ̀. Loop ni àṣetúnṣe tí ń tọ̀ wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń fi nǹkan sínú wọn, èkejì ń tẹ ohun inú wọn jáde. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ láti 1, ó parí sí 5. Ètò rẹ̀ ṣiṣẹ́ lónìí, ó dàrú lọ́la. Olùkọ́ rẹ̀ ní kí ó há a sórí pé òdo ni ìbẹ̀rẹ̀, 4 ni òpin. “Ṣùgbọ́n kí ló fà á, sà?” ni ó bi mí.

Mo ní kí ó wo ọ̀rọ̀ náà “ìjẹta”. Ẹ̀ta ń bẹ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méjì péré ni a óò fi padà sẹ́yìn kí a tó dé ibẹ̀. Yorùbá ka òní mọ́ ọn: òní ni ọ̀kan, àná ni èjì, ìjẹta ni ẹ̀ta. Ìdí kan náà ni a fi ń pe ọjà tí ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ní ọjà ọrọọrún. Ibi tí ẹsẹ̀ tẹ̀ ni àwọn baba wa ń kà. Ìṣísẹ̀ ni èdè C ń kà. Ẹni tí ó dúró nídìí àpótí àkọ́kọ́ kò tíì gbé ẹsẹ̀ kankan, òdo ni tirẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni yóò gbé e dé ìdí ìkarùn-ún. Nítorí náà ni a ṣe ń kọ ọ́ báyìí:

for (i = 0; i < 5; i++)

Bí a bá dé 5, àpótí kẹfà, tí kì í ṣe tiwa, ni a yọjú sí. Java àti Python yóò kígbe. C lè dákẹ́, kí ó sì jẹ́ kí a ba nǹkan mìíràn jẹ́.

Òdo yìí kì í ṣe àdámọ́ kọ̀ǹpútà. Fortran, tí ó jáde ní 1957, 1 ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀ bí a kò bá yí i padà. Ní 1982, Edsger Dijkstra kọ àlàyé lórí ìdí tí òdo fi sàn jù. Ènìyàn ni ó yàn án, ohun tí ènìyàn yàn sì ní ìdí tí a lè ṣàlàyé.

Àwọn kan ní èdè Yorùbá ni ó ń fa ọmọ sẹ́yìn nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. N kò gbà. Àkọ́sórí ni ó ń fà á sẹ́yìn. Ọmọ tí ó ń pe ìjẹta lójoojúmọ́ ti ní ìdajì ẹ̀kọ́ yìí lẹ́nu. Kí olùkọ́ tọ́ka sí i ni ó kù. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fi “há a sórí” dí ẹnu ẹni tí ó béèrè ìdí. Tèmi tún iṣẹ́ rẹ̀ kọ fúnra rẹ̀ kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ mi.